Benz 190E 2.3-16 tí bàbá mi fi sílẹ̀: níbo la ti lè rí ojúlówó páàtì rẹ̀?

ỌmọÌbàrà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Jámánì ni bàbá mi ti ra Mercedes-Benz 190E 2.3-16 nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé e wálé nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Gíà ọwọ́ ni, gíà kìíní wà lápá òsì nísàlẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ràn sí i, á máa dán bíi búlúù. Bàbá ti di olóògbé, èmi ni ọkọ̀ náà kù sí lọ́wọ́ ní Ìbàrà, ní Abẹ́òkúta, mi ò sì fẹ́ tà á.

Ó ń ṣiṣẹ́ o. Tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, kíá ló ń dáhùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà á dé Kútọ̀, tí mo pa á, kò tún ní dáhùn mọ́ àfi tó bá tutù. Iná ABS (ti bírékì tí kì í jẹ́ kí táyà há) á tàn, á kú, á tún tàn, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n tí mo bá dúró lójú kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti jókòó sílẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní ká yọ gbogbo ẹ̀rọ tó ń fún epo dànù, ká fi kábúrétọ̀ sí i. Òmíràn ní ká kúkú pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Páàtì tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ti 190 lásán ni, wọn kì í bá a mu.

Níbo ni mo ti lè rí èyí tó tọ́? Mo tún fẹ́ ṣe é kó dára díẹ̀ sí i, ríìmù, ṣọ́kì, bírékì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Ṣẹ́ù_Pansẹ́kẹ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì V-boot (Mercedes W124) sí i. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ wọn ń rìn dòní. Páàtì V-boot kún ọjà Ladipo ní Èkó fọ́fọ́, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. KE-Jetronic, ẹ̀rọ tó ń fún epo, tó wà nínú tiyín yẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní Abẹ́òkúta kò pọ̀ mọ́. Àti pé tí ọkọ̀ kò bá dáhùn nígbà tó gbóná, pọ́ǹpù epo ni. Ẹ ra ti Toyota, kò wọ́n.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Adátán
Ṣẹ́ù, ọmọ mi, ìmọ̀ràn rẹ dára fún 190 tí wọ́n fi ń ná ọjà. Ti eléyìí yàtọ̀. Cosworth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá Mercedes ṣe orí ẹ́ńjìnnì yẹn, fáàfù 16, ṣáfù méjì lókè. Ní oṣù Kẹjọ 1983, kí wọ́n tó gbé e sọ́jà rárá, wọ́n gbé e lọ sí Nardò ní Ítálì, wọ́n sì sá 50,000 kìlómítà lórí pápá ìsáré tó wà níbẹ̀, èyí tó ṣe dáadáa jù sì ń sáré 247.9 kìlómítà ní wákàtí kan ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá ìsáré Nürburgring tuntun ní Jámánì ní 1984, ọkọ̀ yìí ni wọ́n fún gbogbo awakọ̀ ńláńlá kí wọ́n fi díje. Ayrton Senna ló gba ipò kìíní, Niki Lauda tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yọ ẹ́ńjìnnì yẹn kúrò, ó ti sọ ọkọ̀ yẹn di 190 lásán, owó tó lè pa yóò sì já wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti pọ́ǹpù Toyota, ẹ má dán an wò. KE-Jetronic ń fẹ́ agbára tó ju bar 5 lọ nínú páìpù epo. Pọ́ǹpù tí o ń sọ, bíi bar 3 ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ á dáhùn lónìí, á kú sí Lafẹ́nwá lọ́la.

ỌmọÌbàrà, nọ́mbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ fi páàtì sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́mbà ṣáṣì wà lára ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì sí inú ọkọ̀. WDB ló máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn náà 201034. Tí ẹ bá rí 034 yẹn, 2.3-16 gidi ni. 035 ni ti 2.5-16 tó jáde ní 1988. Nọ́mbà míì tó bá wà níbẹ̀, 190 míì ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ. Lára ẹ́ńjìnnì, 102.983 ni kí ẹ rí. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ sì máa mú un dání lọ sọ́jà.

Ohun kejì, kò sì gbọ́dọ̀ dúró: ṣéènì tó ń yí ṣáfù. Àwọn 2.3 ìbẹ̀rẹ̀, ṣéènì onílà kan ni, ó sì máa ń já. Nígbà tí wọ́n ṣe 2.5 ni wọ́n sọ ọ́ di onílà méjì. Tó bá já, pístìnnì àti fáàfù á kọlu ara wọn, orí Cosworth yẹn á sì fọ́. Ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́, ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ orí ṣéènì rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfàlẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ike tó ń tọ́ ọ sọ́nà, kí ẹ tó ronú kan ríìmù.

Ẹ tún kíyè sí i pé fáàfù 190 onífáàfù 8 máa ń fi òróró tún ara rẹ̀ ṣe. Ti 16 kò rí bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n fi ń díwọ̀n àlàfo rẹ̀, ẹni tó ní irin ìdíwọ̀n nìkan ló lè ṣe é. Mẹkáníìkì tó bá sọ fún yín pé «kò sí ohun tí wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì níbẹ̀», ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Rìwáyà Lafẹ́nwá
Ẹ kú iṣẹ́ bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú iná ABS yẹn, iṣẹ́ mi ni.

ỌmọÌbàrà, iná ABS tó ń tàn tó ń kú àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n, ìyá kan náà ló bí wọn. Rìléè kan wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpótí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, fíúùsì pupa 10A wà lórí rẹ̀ lábẹ́ ike tó mọ́ gaara. OVP ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà KE àti ti ABS pa pọ̀. Ẹ wo fíúùsì yẹn ná. Tí kò bá tíì jó, ẹ ṣí àpótí náà, ẹ mú páálí rẹ̀ súnmọ́ ojúmọmọ, ẹ wo ìdí àwọn ẹsẹ̀ irin tó wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ẹsẹ̀ náà ká bí òrùka, dúdú fẹ́ẹ́rẹ́. Òjé tó ti là nìyẹn. Ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń là á. Tí ọkọ̀ bá gbọ̀n, á kan ara, á tún fi ara sílẹ̀.

A lè fi òjé tuntun jó o, kó sì tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ fi rìn jìnnà, kó ra tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ó kọjá. Tí iná bá ga láti ara ọ́táńétọ̀, kọ̀ǹpútà á jó, wíwá kọ̀ǹpútà 16 yẹn kò sì rọrùn.

ỌmọÌbàrà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wò ó. Nọ́mbà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDB2010341F, ti ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ 102.983. Mo ṣí rìléè náà, òrùka dúdú yẹn wà ní ìdí ẹsẹ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí Rìwáyà ṣe sọ. Tí kì í bá ṣe pọ́ǹpù, kí wá ni ti kíkọ̀ láti dáhùn nígbà tó gbóná?

Ọlọ́kọ̀ Òkè-Mosàn
190E 2.3 onífáàfù 8 ni mo ní, ṣùgbọ́n KE kan náà ni. Ohun tó ń di agbára epo mú lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀ ni ẹ yẹ̀ wò. Agolo irin kan wà lẹ́bàá pọ́ǹpù, lábẹ́ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn. Rọ́bà àti sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Tí rọ́bà yẹn bá ti bẹ́, epo tó wà nínú páìpù á sá padà, ooru ẹ́ńjìnnì á sì sọ ìyókù di afẹ́fẹ́. Bó bá tutù, á tún dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀. Fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn jù láti rà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ sọ táǹkì kalẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ wọ ìlú ní oṣù Kejì 2022, ọkọ̀ KE púpọ̀ ló forí fá a. Epo àtijọ́ tó ti di ẹrẹ̀ nínú táǹkì tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ fọ táǹkì, ẹ pààrọ̀ fítà, kí ẹ tó fi pọ́ǹpù tuntun sí i.

Ṣẹ́ù_Pansẹ́kẹ
Ẹ ṣeun ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ ti pọ́ǹpù. Ẹ̀yìn tó jókòó wá ńkọ́? Ṣé kò ní sàn kí wọ́n fi ṣọ́kì C-Class tòkunbọ̀ sí i? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 190, V-boot àti C-Class ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Stuttgart
Ẹ káàárọ̀ o láti ọ̀nà jíjìn. Inú mi dùn pé ọkọ̀ yìí ṣì wà nílé.

Ṣẹ́ù, òótọ́ lo sọ pé ọ̀pá márùn-ún tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn bá V-boot àti C-Class W202 mu. 190 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí. Ìyẹn á dín owó kù fún ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ti ṣọ́kì yàtọ̀. 2.3-16 ní òróró tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Bọ́ọ̀lù irin méjì wà lẹ́yìn, náítrójìn wà nínú wọn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín in sọ́tọ̀ kúrò lára òróró. Òróró yìí ń bá sípíríǹgì gbé lára ẹrù, nítorí náà sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀ ju ti 190 yòókù lọ. Ẹni tó bá yọ òróró tó fi ṣọ́kì lásán sí i, tí kò pààrọ̀ sípíríǹgì, ẹ̀yìn á tún jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá di dandan, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ sì di ojú páìpù òróró dáadáa.

Kó tó di bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ̀yìn bá le gbagidi, tó ń fò lórí gálọ́ọ̀pù, rọ́bà inú bọ́ọ̀lù ló ti bẹ́. Tó bá rọra ń jókòó, òróró ló ń jò tàbí ó ti gbẹ nínú agbè rẹ̀. Òróró náà ní irú tirẹ̀, kì í ṣe ti bírékì, kì í sì í ṣe ti gíà.

Ní ti ríra páàtì, bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín nìyí. Nọ́mbà páàtì Mercedes máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, nọ́mbà mẹ́ta tó tẹ̀lé e sì máa ń sọ ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe é fún. A 201 ti ara 190 ni, A 102 ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ fún ẹni tó ń tà á ní nọ́mbà ṣáṣì yín lódindi, kó fi wá nọ́mbà páàtì. Ẹ má kàn sọ pé «190E» lásán. Mercedes ní ẹ̀ka Classic ní Fellbach, lẹ́bàá Stuttgart níbí, àti ọ̀kan ní Long Beach ní California. Wọ́n ṣì ń pèsè páàtì fún ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n sì lè sọ fún yín èyí tí wọn kò ṣe mọ́.

Ẹ má lọ máa san owó ìràwọ̀ Mercedes lórí gbogbo nǹkan. Lemförder ló ń ṣe púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti ọ̀pá, Bosch ló ṣe ẹ̀rọ epo. Tí ẹ bá ra ọ̀pá Lemförder nínú páálí tirẹ̀, ẹ wo ara irin náà dáadáa. Nígbà mìíràn ẹ máa rí ojú kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ họ, ìràwọ̀ Mercedes ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irin kan náà, owó rẹ̀ kéré sí i. Ẹ̀rọ tó ń pín epo, nọ́mbà Bosch tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 438 wà lára rẹ̀. Ẹ bá nọ́mbà yẹn rìn dé ìdí, nítorí èyí tó wà lára 190 onífáàfù 8 jọ ọ́ lójú.

Ẹ ṣọ́ra fún páàtì tí wọ́n tú ní London. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wọn wà. Nọ́mbà 1 tó tẹ̀lé 034 lára ọkọ̀ yín fi hàn pé sítíárì ọwọ́ òsì ni, 2 ni tiwọn. Àpótí sítíárì àti dáṣíbọ́ọ̀dù wọn kò ní wọ̀ ọ́.

Àdùkẹ́ Onípáàtì, Gate
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìbàdàn ni mo ti ń ta páàtì Benz, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà.

Ọmọ Ẹ̀gbá ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kí èèyàn máa dúró de Jámánì fún. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ọ̀pá ẹ̀yìn, búṣì, fítà, bẹ́rìn ẹsẹ̀, gbogbo èyí wà ní Gate àti Ladipo, tuntun tàbí tòkunbọ̀. Ohun tí kò sí lọ́jà wa ni ohun tó jẹ́ ti 16 nìkan: gáskẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, ṣáfù, ẹnu tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, bọ́m̀pà àti ìyẹ́ ẹ̀yìn búùtù. Ẹ má jẹ́ kí pánẹ́bítà ju ike ara ọkọ̀ yẹn nù nítorí pé ó là. Kí ẹ lẹ̀ ẹ́. Òmíràn kò sí.

Òfin tèmi fún oníbàárà mi: irin lè jẹ́ tòkunbọ̀, rọ́bà kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Hóòsì bírékì tòkunbọ̀, búṣì tòkunbọ̀, rọ́bà inú kálípà tòkunbọ̀, gbogbo wọn ti dàgbà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ sì máa gbé èyí tí ẹ tú dání wá sí ọjà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ ka ihò bóòtù rẹ̀, ẹ wọn gígùn rẹ̀. Àwòrán orí fóònù kì í fi sísanra hàn. Ẹ má san owó ṣáájú fún ẹni tó ní «ó wà ní ilé ìkẹ́rù mi, màá lọ gbé e wá».

Láti Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú irin ló rọrùn jù. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Láderin, ẹ lọ sí Ladipo láti Èbúté Mẹ́tta, ẹ padà sílé lálẹ́. Ẹrù kékeré kò ní dà yín láàmú nínú rẹ̀.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Adátán
Àdùkẹ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀kan kún «irin lè jẹ́ tòkunbọ̀» yẹn. Ṣéènì, irin ni, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ láéláé. Dísìkì bírékì náà bẹ́ẹ̀, tó bá ti tín-ín-rín ju ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́ Onípáàtì, Gate
Bẹ́ẹ̀ ni o, bàbá. Ṣéènì kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣeun.

Fọkánáísà Ọbántokò
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ríìmù. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 15, fífẹ̀ rẹ̀ 7, ET44 (mílímítà 44 ni ojú tó kan ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín ríìmù), bóòtù márùn-ún lórí òbírí mílímítà 112, ihò àárín mílímítà 66.6. Táyà 205/55 R15. Ríìmù ínǹṣì 17 dára ní wíwò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rọ́bà tó máa kù ní ẹ̀gbẹ́ táyà kéré fún ihò tó wà lójú ọ̀nà wa láti Àsẹ̀rò títí dé ibi tí ọ̀dà parí sí. Ríìmù á tẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa fara gba gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e ga, ẹ dúró lórí ínǹṣì 16, kí ET rẹ̀ má jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà á máa họ etí fẹ́ńdà tí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn.

Ẹ wo bóòtù náà. M12 ni, orí ìdí rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Ríìmù ọjà kan ń fẹ́ bóòtù onídìí ṣónṣó. Ẹ má dà wọ́n pọ̀, ó lè tú lójú eré. Ní ti táyà, nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ni ẹ máa kà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún. 205/55 R15 kò pọ̀ lọ́jà, nítorí náà wọ́n lè ta èyí tó ti gbó lórí pẹpẹ fún yín bíi tuntun.

Ọlọ́kọ̀ Òkè-Mosàn
Ohun tó ń mú ọkọ̀ gbádùn ní ilẹ̀ wa wà, wọn kì í sì í sọ ọ́. Amúlétutù rẹ̀, gáàsì R12 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ sọ ọ́ di R134a: ẹ pààrọ̀ àwọn òrùka rọ́bà, ẹ pààrọ̀ agolo tó ń gbẹ omi, ẹ sì fi òróró tó bá gáàsì tuntun mu sí i. Tí wọ́n bá kàn fa R134a lé òróró àtijọ́ lórí, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á kú. Omi ràdíétọ̀ ńkọ́? Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn. Omi kànga lásán á jẹ ẹ́. Kóòlántì ni kí ẹ lò.

ỌmọÌbàrà
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bá gbogbo yín gbé. Ètò mi nìyí: ṣéènì àti fáàfù lọ́dọ̀ Bàbá ní Adátán, rìléè tuntun, táǹkì àti fáàfù pọ́ǹpù, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Ríìmù á dúró ní 15. Ọmọ Ẹ̀gbá, mo ti fi nọ́mbà ṣáṣì lódindi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Bàbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: epo wo ni kí n máa rà? Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì yìí máa ń dún kokoko nínú tí epo kò bá ga tó.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì, Adátán
Ó sinmi lórí èyí tí bàbá yín rà. Èyí tí kò ní kátálístì (agolo tó ń fọ èéfín mọ́) ni agbára ẹṣin 185, ó sì ń fún epo pọ̀ ní 10.5 sí 1. Èyí tó ní kátálístì jẹ́ 170, 9.7 sí 1. Ti àkọ́kọ́, Super ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n fojú sùn fún un, epo ilé epo wa kò sì ga tó o. Ẹ wo páìpù èéfín lábẹ́ bóyá agolo kátálístì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ máa ra epo níbi tí ọjà ti ń yá, kí ẹ má ṣe tẹ ẹ mọ́lẹ̀ nínú gíà gíga tí ẹ bá ń gun òkè Ìtòkò. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, ẹ já gíà sílẹ̀ kíá.

Kí ẹ má ṣe ṣáná sí i mọ́ títí ẹ ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kí ẹ fi gbé e wá láti Ìbàrà, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á pẹ̀lú gíà nínú.